Àkúpadé, Àkúṣí, Àkúdúró

Ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn ló bẹ̀ mí níṣẹ́ pé kí n bá àwọn túmọ̀ ìwé ìkìlọ̀ ẹ̀rọ wọn sí Yorùbá. Ìwé náà kò ju ojú ewé mọ́kànlá lọ, mo sì ti túmọ̀ èyí tó gùn jù ú lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kẹta nínú rẹ̀ dá mi dúró fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ó ń kìlọ̀ fún òṣìṣẹ́ pé kó má ṣe ti ọwọ́ bọ ẹnu fáàfù kankan nígbà tí afẹ́fẹ́ bá lọ, nítorí pé actuator tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó ń "fail closed". Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo nílò Yorùbá fún. Bí mo bá ṣi ọ̀kan túmọ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìka ẹnìkan lè há sáàárín irin.

Fáàfù fúnra rẹ̀ kò ní wàhálà. Ọ̀rọ̀ náà ti di tiwa tipẹ́: ẹni tó ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà ń pè é, mẹkáníìkì ń pè é, púlọ́mbà ń pè é. Oníbodè ni nínú páìpù. Ó lè ní kí omi, epo, oru tàbí gáàsì kọjá, ó sì lè ní kó dúró. Àmọ́ oníbodè tí kò lọ́wọ́ ni. Nílé, ọwọ́ wa la fi ń yí i. Ní ilé iṣẹ́ ńlá, ọwọ́ ènìyàn kò tó o: páìpù kan wà lókè téńté, èkejì gbóná débi pé kò ṣe é súnmọ́, ẹ̀kẹta ń gbé ohun tí ènìyàn kò gbọdọ̀ fà símú. Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé ka fáàfù láti ṣe iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ni actuator.

Ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà sọ ẹ̀rọ lórúkọ ni mo kọ́kọ́ tọ̀. A rí ohun tó ń mú iná wá, a pè é ní amúnáwá. Èyí tó ń mú ilé tutù di amúlétutù. Rédíò, tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì, di asọ̀rọ̀mágbèsì. Mo wá sọ tèmi ní ayífáàfù. Ó dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò jẹ́ òótọ́ délẹ̀, torí pé kì í ṣe gbogbo fáàfù là ń yí. À ń yí fáàfù oníbọ́ọ̀lù, ìdá kan nínú mẹ́rin òbírí péré, ihò inú bọ́ọ̀lù náà a sì dojú kọ páìpù tàbí kó dábùú rẹ̀. À ń yí fáàfù alábẹ̀bẹ̀ náà. (Labalábá ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ìyẹn. Èmi kò rí labalábá kankan níbẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ roboto tó ń yí lórí igi rẹ̀ ni mo rí, ohun tí mo sì kọ sílẹ̀ nìyẹn.) Ṣùgbọ́n fáàfù onígéètì àti ọ̀pọ̀ fáàfù tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìṣàn, ọ̀pá inú wọn ń lọ sókè, ó ń lọ sísàlẹ̀ ni. Orí tó wà fún ti àkọ́kọ́ kò lè ṣiṣẹ́ lórí ti ìkejì láìsí ohun tí yóò yí ìrìn rẹ̀ padà. Orúkọ tó bá ní yíyí nínú yóò ṣi ẹni tó ń lọ sọ́jà lọ́nà.

Mo dán aṣífáàfù wò, ìdajì iṣẹ́ ló sọ. Amúfáàfùṣiṣẹ́ péye, ṣùgbọ́n kò ṣe é pariwo sí ẹnikẹ́ni láàárín ariwo ẹ̀rọ. Níkẹyìn mo dá awafáàfù sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ní awakọ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Mo kọ ọ́ sí gbogbo ojú ewé mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Ìgbà tí mo gbé e dé ilé iṣẹ́ náà ni mo tó bi fọ́máànù wọn, bàbá kan tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, léèrè ohun tó yẹ kí n ti bi í kí n tó mú kálámù.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ máa ń pe èyí?"

"Èwo? Orí yẹn?"

"Orí, sà?"

"Orí fáàfù. Bí fáàfù bá ń ṣe agídí, ọmọ mi, orí la kọ́kọ́ ń wò."

Ní ọjọ́ yẹn gan-an ni mo pa awafáàfù rẹ́. Orí fáàfù kúrú, ó ṣe é pariwo, ojú sì rí i: òkè fáàfù ló wà lóòótọ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, Yorùbá mọ̀ pé orí ní ń darí ara, kò sẹ́ni tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa là á yé. Ohun tó bá wà láàárín orí àti ara, ọrùn ni. Nígbà tí mo sì fẹ́ pín in sí oríṣi, ọ̀rọ̀ náà kò dí mi lọ́wọ́: orí afẹ́fẹ́, orí epo, orí iná. Oríṣi mẹ́ta tí ayé ń lò jù nìyẹn, ọ̀rọ̀ méjì méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà.

Kì í ṣe pé kò sí ìwé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní Yorùbá: ní 1984, Ayọ̀ Bamgboṣe ṣe olóòtú apá kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá. Apá kejì jáde ní 1990 lábẹ́ Ọládélé Awóbùlúyì. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì ń dúpẹ́ fún un. Ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni wọ́n dojú kọ, àwọn olùkọ́ ni wọ́n sì kọ ọ́ fún. Fún ti ẹ̀rọ, mo gbà pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí ni olùkọ́ wa. Orúkọ ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí a tó dé, iṣẹ́ tiwa ni láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó dúró ṣinṣin.

Orí afẹ́fẹ́ ló wọ́pọ̀ jù ní ilé iṣẹ́ ńlá. Ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ tó rí ẹwìrì ti mọ ìdajì rẹ̀. Nínú ẹwìrì, ọwọ́ ń tẹ awọ kí afẹ́fẹ́ lè lọ síná. Nínú orí afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ ló ń tẹ awọ, awọ rọ́bà nígbà yìí, kí ọ̀pá fáàfù lè gbéra. Àwọn mìíràn kò ní awọ, pisítìn ni wọ́n ní. Ní òdìkejì, ọ̀pọ̀ wọn ní sípíríǹgì tó nípọn tí afẹ́fẹ́ ń rún mọ́lẹ̀. Mo pe rọ́bà inú orí náà ní awọ, mo sì ní kí ó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀, torí pé bí awọ ìlù ti ń ṣe ló ń ṣe, bó bá sì ya, bí awọ ìlù tó ya náà ni: iṣẹ́ parí.

Ó wá ku "fail", òun ló gba ọjọ́ púpọ̀ jù. Kùnà ni ìwé atúmọ̀ èdè fún mi. Mo kọ "fáàfù tó ń kùnà, padé", mo kà á sókè, ara mi sì bù máṣọ. Ohun tí Yorùbá yóò gbọ́ nínú rẹ̀ ni fáàfù tó kùnà láti padé, èyí tó kù tó ṣí sílẹ̀. Òdìkejì ohun tí ìwé náà ń sọ gan-an ni. Gẹ̀ẹ́sì ń sọ pé nígbà tí agbára bá tán, fáàfù á padé. Ọ̀rọ̀ tí mo fi túmọ̀ rẹ̀ ń sọ pé kò padé.

Kí ni àwa ń sọ bí agbára ẹ̀rọ bá tán? Ẹ́ńjìnnì kú. Fóònù mi ti kú. Kú ni ọ̀rọ̀ náà, kò sì sí ẹni tó ń ṣì í gbọ́. Èdè wa sì ti ní ìṣẹ̀dá kan tó bá a mu rẹ́gí: àkúdàáyà, ẹni tó kú tó tún ń gbé ayé níbòmíràn. Mo gba ibẹ̀ lọ. Orí tó jẹ́ pé bó bá kú, fáàfù rẹ̀ á padé, àkúpadé. Èyí tó jẹ́ pé bó bá kú, á ṣí, àkúṣí. Èyí tó jẹ́ pé ibi tó wà nígbà tó kú náà ni yóò wà, àkúdúró. Orí iná lásán, tí kò ní sípíríǹgì tàbí bátìrì nínú, àkúdúró ni.

Ẹni tó bá ti dẹ ebìtì rí yóò mọ ìdí tí àkúpadé fi ń já ìka. Kì í ṣe ẹni tó dẹ ebìtì ló ń ju òkúta sí ẹran lórí. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló gbé òkúta náà dúró, bí igi bá yẹ̀, òkúta á ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni nínú orí àkúpadé. Afẹ́fẹ́ kọ́ ló ń pa fáàfù dé. Afẹ́fẹ́ ló ń dá sípíríǹgì dúró kó má pa á dé. Òṣìṣẹ́ tó bá rò pé ẹ̀rọ tó kú kò lè ṣe nǹkan mọ́, òun gan-an ni gbólóhùn kẹta yẹn ń kìlọ̀ fún. Nígbà tí mo kọ ọ̀rọ̀ ebìtì sínú ìwé náà, bàbá fọ́máànù kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n má ṣe yọ ọ́.

Àmì ohùn ṣe pàtàkì níbí o. Padé ni mo wí, kì í ṣe pàdé. Bí akọ̀wé bá kọ ọ́ sára irin láìfi àmì sí i, ẹlòmíràn lè kà á ní àkúpàdé, bí ẹni tí yóò pàdé ènìyàn lọ́run.

Àwọn kan á fẹ́ kí n rí orúkọ kan fún "fail-safe", kí n pe gbogbo rẹ̀ ní aláìléwu. Mo kọ̀. Fáàfù tó ń gbé gáàsì lọ síná, ó yẹ kó jẹ́ àkúpadé. Fáàfù tó ń gbé omi lọ tu nǹkan gbígbóná lára, ó yẹ kó jẹ́ àkúṣí, nítorí pé bó bá padé, ohun tó gbóná yóò máa gbóná sí i. Ní 11 oṣù Kẹta ọdún 2011, nígbà tí omi òkun bo ibùdó iná átọ́míìkì Fukushima ní Japan, iná lọ ní ẹ̀rọ kìíní. Wọ́n ti ṣètò fáàfù ìlà ìtutù kan níbẹ̀ pé bí iná tó ń ṣọ́ ọ bá lọ, kó gba àṣẹ láti padé, torí kí ohun olóró má bàa jò síta. Iná lọ, àṣẹ náà jáde, ìtutù dáwọ́ dúró, fún ọ̀pọ̀ wákàtí ni àwọn tó ń darí sì rò pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ro ewu kan, ewu mìíràn ló dé. Orúkọ tó ń ṣèlérí ààbò yóò fọwọ́ bo ìbéèrè yìí. Àkúpadé ń sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nìkan, ó sì ń fi ìyókù sílẹ̀ fún làákàyè ẹni tó ń yàn.

Ọ̀rọ̀ pípadé tún mú mi dé ibi tí n kò rò. Nílé, "tì í" là ń wí fún ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n tì í yìí kan náà ni a fi ń sọ pé kí ènìyàn fi ọwọ́ taari nǹkan. Orí kan wà tó jẹ́ pé bó bá ti ọ̀pá wọlé, fáàfù á padé. Òmíràn wà tó jẹ́ pé títi ọ̀pá náà ló ń ṣí i. Bí ẹnìkan bá wá pariwo "tì í!" láti òkè, èwo ni ẹni tó wà nísàlẹ̀ fẹ́ gbọ́? "Dí i" àti "ṣí i" jọra jù láàárín ariwo. "Pa á dé" ló kù. Ó gùn díẹ̀ ju ṣí i lọ, ìyẹn sì dára, etí á mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Àmọ́ ewu kan ṣì wà níbẹ̀: a máa ń ní "pa á" fún iná àti ẹ́ńjìnnì. Bí ariwo bá gbé "dé" mì, ẹni tó gbọ́ "pa á" yóò lọ pa iná orí fáàfù. Orí iná lásán jẹ́ àkúdúró. Fáàfù tí wọ́n fẹ́ kó padé á wà ní ṣíṣí sílẹ̀, kò sì ní sí iná tí wọ́n lè fi pa á dé mọ́. Nítorí náà mo kọ ọ́ sí ojú ewé kejì, gàdàgbà gadagba: fún fáàfù, "pa á dé", fún iná, "gé iná rẹ̀". Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí "pa á" nínú ọgbà náà.

Ìwé náà sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa "harsh environment". Mo wá ọ̀rọ̀ kan fún un, mo sì gbà nígbẹ̀yìn pé kò yẹ kó ní ọ̀kan. Ìbéèrè tó wúlò ni pé: kí ni ń jẹ irin níbí? Ewékorò, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì láti 1960, eruku ni; eruku á wọ ibi tí ọ̀pá ti ń yọ, á sì máa lọ̀ ọ́ bí ọlọ. Ibùdó iná Egbin ní Ìkòròdú, 1,320 megawatt, oru gbígbóná ló ń lò. Ilé ìfọpo Dangote ní Lekki, àgbá 650,000 lójúmọ́, etí òkun ló wà, atẹ́gùn oníyọ̀ ń fẹ́ sí i tọ̀sán tòru. Mo pe ohun tó ń jẹ irin ní ajẹrin. Gbogbo ibi ló ní ajẹrin tirẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ra orí fáàfù gbọ́dọ̀ mọ orúkọ èyí tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ yẹn, sódà ni. Alumíníọ́mù ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ara orí afẹ́fẹ́, torí pé ó fúyẹ́, afẹ́fẹ́ lásán kì í sì í tètè bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń se ọṣẹ dúdú mọ̀ pé omi eérú kì í bá ìkòkò alumíníọ́mù rẹ́. Sódà jẹ́ ẹ̀gbọ́n omi eérú. Wọ́n ti fi orí alumíníọ́mù síbẹ̀ rí, ara rẹ̀ sì hó, ó funfun bí ẹfun. Sitéńlẹ́ẹ̀sì ni wọ́n wá fi rọ́pò rẹ̀. Sitéńlẹ́ẹ̀sì ni mo kọ, n kò pè é ní irin aláìdógùn-ún, nítorí pé iyọ̀ òkun lè dá ihò wẹ́wẹ́ sí i lára. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó wà létí òkun fi ń béèrè fún oríṣi 316, tó fara da iyọ̀ ju 304 lọ.

Ooru náà ní ohun tirẹ̀ tó ń jẹ: rọ́bà. Rọ́bà tó wọ́pọ̀ nínú orí afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ kọjá nǹkan bíi 80°C. Ó le, ó sán, afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ibi tó bá gbóná jù bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ rọ́bà mìíràn, irú Viton, tàbí kí wọ́n gbé orí náà jìnnà sí ara, kí ọrùn gùn.

Ipá tí a fi ń yí fáàfù, mo pè é ní ipá ìlọ́, láti ara aṣọ tí à ń lọ́ kí omi rẹ̀ lè já. Fáàfù tó ti padé fún oṣù mẹ́fà kì í rọrùn láti yí bí èyí tí wọ́n ń yí lójoojúmọ́. Ó ti lẹ̀ mọ́ ìjókòó rẹ̀. Nítorí náà wọ́n máa ń fi nǹkan bíi 25 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún lé ipá tí ìṣirò bá mú wá, wọ́n sì ń ṣe ìṣirò náà pẹ̀lú afẹ́fẹ́ ní ìgbà tó bá lọ sílẹ̀ jù, kì í ṣe ní ìgbà tó bá le dáadáa. Kí wọ́n má sì ra èyí tó tóbi kọjá àlà, nítorí pé orí tó lágbára ju ọ̀pá fáàfù lọ yóò ká ọ̀pá náà. Ní ti àwọn àmì bíi IP67 àti 4–20 mA, mo fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà lára irin.

"Explosion-proof" ni mo bá jà jù lẹ́yìn "fail". Gbogbo ènìyàn ló ń fẹ́ kí n kọ "tí kì í bú gbàù". Irọ́ ni. Gáàsì lè wọ inú àpótí orí iná, iná sì lè mú un, kó bú nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé àpótí náà nípọn tó láti gbà á mọ́ra, àlàfo tóóró tó wà níbi tí irin méjì ti pàdé sì ń mú iná náà tutù kó tó jáde, kó má bàa ran gáàsì tó wà níta. Àpótí náà ń gbé iná mì. Mo pè é ní àpótí agbénámì. Ẹni tó bá rò pé kì í bú gbàù lè fi bóòtù kan sílẹ̀ láìdè, tàbí kó fi irin ha ojú ibi tí àpótí ti pàdé, kó ní kò burú. Ẹni tó bá mọ̀ pé iná ni yóò gbé mì yóò de gbogbo bóòtù náà pátá.

Ọ̀rọ̀ kan tó tún ṣe pàtàkì sí mi ni ti gílóòbù tó ń sọ ipò fáàfù. Ní 28 oṣù Kẹta ọdún 1979, ní Three Mile Island ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, fáàfù kan ṣí láti tú ìfúnpá sílẹ̀, ó sì há síbẹ̀. Gílóòbù lójú pátákó sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé ó ti padé. Ohun tí gílóòbù náà mọ̀ kò ju pé wọ́n ti gé iná sólẹ́nọ́ìdì tó ń ṣí i. Omi ìtutù ń jáde fún ohun tó lé ní wákàtí méjì kí wọ́n tó mọ̀, nǹkan bí ìdajì inú ẹ̀rọ náà sì yọ́. Yorùbá kì í da àwọn méjì yìí pọ̀: "a ti ní kó padé" yàtọ̀ sí "ó ti padé". Nítorí náà mo pe gílóòbù tó ń gbọ́ àṣẹ ní gílóòbù àṣẹ, mo sì pe swíìṣì tó ń fọwọ́ kan ọ̀pá láti mọ ibi tó dé ní ẹlẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí náà sì ní ibi tí ojú rẹ̀ mọ. Ọ̀pá orí ló ń wò. Bí ọ̀pá bá ṣẹ́ nínú ọrùn, orí á yí, ẹlẹ́rìí á ní ó padé, bọ́ọ̀lù kò sì ní kúrò lójú kan. Bàbá fọ́máànù ló sọ ìyẹn fún mi. Ó ti ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀.

Ọjọ́ tí a parí, a jọ jókòó, a kọ ohun tí wọn yóò gbẹ́ sára irin pẹlẹbẹ tí wọn yóò so mọ́ fáàfù kọ̀ọ̀kan. Èyí tí a kọ fún ojú páìpù sódà nìyí, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀:

FÁÀFÙ SÓDÀ. ORÍ AFẸ́FẸ́. ÀKÚPADÉ. BÍ AFẸ́FẸ́ BÁ LỌ, YÓÒ PADÉ FÚNRA RẸ̀. MÁ TI ỌWỌ́ BỌ̀ Ọ́.